Kámẹ́rà Tí Mo Bú ní Ìkìrun

Kò tíì sí ọlọ́jà tí mo bá nájà tí kò sunkún. Nígbà tí mo ra màlúù kan ní Ìbà, mo nájà títí ẹni tó ń tà á fi fi okùn kún un, ó fi fìlà orí rẹ̀ kún un, ó sì tún gbé màlúù ọ̀hún rù wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní Ìkìrun. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ bi màlúù náà.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, fi mú mi dání nígbà tó fẹ́ ra kámẹ́rà. Wọ́n ní kó ya fíìmù nípa iṣẹ́ ọwọ́ kan kó tó lè jáde. Àbúrò mi obìnrin tó ń rẹ aṣọ láró ní Òkúkù ló fẹ́ yà. Ẹ̀yìn ti ń dun ìyẹn, ó ní ìkòkò aró tó wà nílẹ̀ yìí lòun máa fi jáwọ́. Tó bá ti rẹ aṣọ tán, kò sí ohun tí a ó yà mọ́.

A dé ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ nítòsí ọjà Ìkìrun. Ojú mi lọ sí ńlá kan tó ṣeé gbé lé èjìká.

"Bàbá àgbà, téèpù nìyẹn ń lò. Ibo la ti fẹ́ rí téèpù?"

Ọmọ ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú kékeré kan, ó fi ihò kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ibí la máa ki máìkì bọ̀. Ẹ mọ bí ìyá Òkúkù ṣe máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Láìsí máìkì, atẹ́gùn nìkan la máa gbọ́."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé èyí gan-an ni. Ní tiwa, tí a bá ti fẹ́ ọjà, ńṣe la máa ń bú u kó lè rọ̀. Mo gbé kámẹ́rà náà, mo mì í létí bíi rédíò.

"Kí lèyí? Ó jọ ohun tí ewúrẹ́ jẹ kù. Ojú ẹni tó lò ó kẹ́yìn á ti fọ́!" Mo dá ìdajì iye tí ọlọ́jà pè.

"Bàbá, iye tí mo pè é náà ni. Ẹ máa lọ."

Mo fa ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́, a jáde. Tí èèyàn bá ti jáde báyẹn, ọlọ́jà á pè é padà. Mo rọra ń rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà mi. Sálúbàtà ni mo sì wọ̀.

"Bàbá àgbà, kò pè wá o."

"Á pè wá."

A dé gáréèjì, kò pè wá. Kí ojú má baà tì mí, mo ní mo mọ ẹnì kan tó ń ta irú rẹ̀ ní Inísà. A wọ mọ́tò. Kámẹ́rà kan ṣoṣo lẹni náà ní, ó ń dán gbinrin. Ọmọ ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wá eégbọn lára ajá. Kò níhò máìkì.

Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Àbúrò mi ni: aró ti tó lò, láàárọ̀ ọ̀la lòun máa ki aṣọ bọ̀ ọ́.

"Tí ẹlòmíràn bá ti ra ti Ìkìrun ńkọ́?" Ó lọ sójú títì, ó bọ̀, ó tún lọ. Èmi náà ò lè jókòó. Mo ń já ewé igi kan títí ẹ̀ka rẹ̀ fi wà níhòòhò.

"Ẹ bú u jù, Bàbá àgbà."

Ibẹ̀ la wà tí eruku fi sọ lọ́nà Ìkìrun. Ọ̀kadà ni! Ọlọ́jà wa ló ń gùn ún bọ̀, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbà á ní iye tó bá wù yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oorun ò ní kùn mí lálẹ́!" Mo kọ́kọ́ ní mi ò ṣe mọ́, kí n tó ṣàánú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ní Òkúkù, àbúrò mi ti ọwọ́ bọ aró dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ki nǹkan tó fi ń gbọ́ ohùn inú kámẹ́rà sétí, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n sinmi, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe rí ẹ̀rọ yìí rà?"

Mo sọ ti ọ̀kadà. Ọmọ yìí sì yí kámẹ́rà sí mi: "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ, mo fi kún un. Ó ní òun máa fi sínú fíìmù tí àwọn olùkọ́ òun máa wò.

N ò fẹ́ kó torí irọ́ mi fìdí rẹmi nílé ẹ̀kọ́. Òótọ́ rèé: Kò sí ọ̀kadà, kò sí omijé. Èmi ni mo wọ mọ́tò padà sí Ìkìrun, tí mo bẹ ọmọkùnrin náà pé kó má bínú, tí mo sì san gbogbo iye tó pè.