Èmi àti Ọmọ Mi Nínú Takisí ní Kútọ̀nú

Ìgbà ọyẹ́ ni ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ilẹ̀ Faransé pè mí lórí fóònù. Ó ní ibi iṣẹ́ òun ń rán òun bọ̀ ní Kútọ̀nú, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ìpàdé sì ti gba gbogbo rẹ̀ tán, òun kò ní lè dé ọ̀dọ̀ wa ní Pobè.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú."

Mo ní èmi kò bínú. Mo bi í bóyá ojú kan náà ni wọ́n ti máa ṣe ìpàdé ọ̀hún. Ó ní rárá, láti búrọ́ọ̀ iṣẹ́ kan dé òmíràn ni, takisí ni òun yóò máa wọ̀ kiri.

Mo ní, "Ó dára. Èmi náà lè jókòó nínú takisí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, èyí tí mo gbọ́ yìí náà kò sì gùn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn. Ohùn ọmọ yìí ti yí padà. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Sakété ni, ọmọ dáadáa, ti lóyún lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì kò dúró. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló burú jù nítorí pé gbogbo ènìyàn ti gbọ́. Àwọn tó pè wọ́n láti bá wọn yọ̀ náà ló tún pè láti bá wọn kẹ́dùn. Láti ìgbà náà, bí ọmọ mi bá pè, yóò kí mi, yóò béèrè ara mi, yóò béèrè oko, lẹ́yìn náà yóò ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Èmi a ṣì di fóònù mú sétí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé àìsàn wà lára rẹ̀ tí kò fẹ́ kí n mọ̀, tàbí pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ti túká. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é kí bàálù tó tún gbé e lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo se ẹ̀kọ, mo dín ẹja, mo wọ mọ́tò láàárọ̀. Ní Sakété, níbi tí mọ́tò ti dúró já èrò sílẹ̀, àbúrò mi obìnrin tó ń ta gàrí níbẹ̀ ti dúró dè mí lẹ́bàá títì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di ẹni tó ń lọ pàdé bàálù. Ẹ má jẹ́ kí ó gbé yín lọ o."

Mo ní, "Bó bá gbé mi, ìwọ ni yóò máa roko mi."

"Àh, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀."

Ó mọ ohun tí mo ń bá lọ. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, ó ti orí bọ ojú fèrèsé, ó rọra sọ pé, "Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa."

A kọjá Àjàṣẹ́, a gun afárá, a wọ Kútọ̀nú. Mo rò pé mo mọ ìlú náà, àmọ́ ibi tí mo mọ̀ sí yanrìn ti di títì ọlọ́dà tó ń dán. Mo gun ọ̀kadà sẹ́mìjáǹ kan lọ sí pápá bàálù. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n gbé ère obìnrin ológun kan sí, ó ga ju ilé lọ. Ọlọ́kadà ní kí n wò ó dáadáa, pé àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò níbẹ̀. Mo wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ṣàánú.

Mo dúró níta láàárín àwọn tó ń dúró de ènìyàn wọn. Nígbà tí ọmọ mi yọ, òun ló kọ́kọ́ rí mi. Ó sọ àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, àwọn ènìyàn yà fún un. Mo gbé e dìde. Mo wá fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí a ṣe ń fọwọ́ yẹ adìẹ wò lọ́jà kí a tó rà á. Egungun ni ọwọ́ mi bà.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ń wọ̀n mí ni?"

"Mo ń wò ó bóyá wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀ ni."

"Wọ́n ń fún mi."

"Ta ló wá ń bá ọ jẹ ẹ́?"

Ó gbé àpótí rẹ̀ nílẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, àmọ́ kì í ṣe ojú ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná. Mo wò ó síbẹ̀.

Ọkùnrin Ègùn kan tó wá láti Àjàṣẹ́, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ni ọmọ mi bá ṣe àdéhùn pé kí ó máa fi takisí rẹ̀ gbé wa ní gbogbo ọjọ́ tí a ó lò. Ó gbọ́ èdè wa dé àyè kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún mi.

Ó ní, "Màmá, iwájú ni atẹ́gùn wà."

Mo ní, "Ẹ̀yìn ni ọmọ mi wà."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọmọ mi ṣe di ará ìjókòó ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì, láti òwúrọ̀, a gbé e dé búrọ́ọ̀ kìíní, ó wọlé. Èmi àti awakọ̀ dúró sábẹ́ igi. Ó jáde, ó tú táì, a tún gbéra. Mo ti ṣí ẹ̀kọ kan sílẹ̀ dè é. Bí a bá bọ́ sí ibi tí mọ́tò ti pọ̀, tí àwọn ọlọ́kadà tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfé ń gba ọ̀tún gba òsì wa kọjá, inú mi a dùn, nítorí pé bí ọ̀nà bá ṣe ń dí ni ọmọ mi ṣe ń pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Awakọ̀ a máa bẹ̀ wá pé kí a má bínú sí ìdúró yìí. Mo ní kó fara balẹ̀, a kò sá fún ẹnikẹ́ni.

Mo wá rí i pé inú mọ́tò dára fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la jókòó sí, iwájú ni àwa méjèèjì ń wò, kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì. Ó sọ fún mi nípa òtútù ibẹ̀, nípa arúgbó kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, tó máa ń bi í lójoojúmọ́ bóyá òjò máa rọ̀. Mo sọ fún un nípa àgbàdo wa àti ewúrẹ́ tó bí ìbejì. Àmọ́ bí mo bá ti béèrè ìyàwó rẹ̀, kò sí ohun tó ń sọ ju, "Ara rẹ̀ le, ó kí yín," lọ. Yóò sì yí ojú sí fèrèsé.

Nǹkan kan tún wà. Láàárín búrọ́ọ̀ sí búrọ́ọ̀, ó máa ń tẹ̀ síwájú bá awakọ̀ sọ Faransé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Awakọ̀ a yà sí ọjà kékeré kan. Ọmọ mi a sọ̀ kalẹ̀, a wọ àárín àwọn obìnrin tó ń tajà, a pẹ́ díẹ̀, a sì padà wá lọ́wọ́ òfo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Níbi ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo rí i látinú mọ́tò pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta egbò àti èèpo igi ló dúró sí. Oògùn ló ń wá, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Mo bi awakọ̀ pé, "Kí ni ọmọ mi ń wá?"

Ó fi ọwọ́ pa irun rẹ̀. Ó ní, "Màmá, bó bá fẹ́ kí ẹ mọ̀, èdè yín ni ì bá fi bá mi sọ ọ́."

Òótọ́ ni. Mi ò bi í mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ní kí wọ́n gbé òun dé ọjà Tọ́kpá lẹ́bàá ọ̀sà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí awakọ̀ dúró dè wá, mo sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi kò yá mọ́, àmọ́ orí rẹ̀ ga láàárín èrò, mi ò sọ ọ́ nù. Ó dúró níwájú àtẹ obìnrin kan, ó bẹ̀rẹ̀. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń ta abọ́, mo yọjú.

Amọ̀ ló wà lórí àtẹ náà. Amọ̀ funfun, èyí tí àwọn aboyún máa ń jẹ bí inú bá ń rú wọn. Ọmọ mi mú ẹyọ kan, ó gbé e sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ó mú òmíràn. Obìnrin tó ń tà á ń fi í ṣẹ̀sín ní èdè Fọ̀n, mo gbọ́ ọ: ó ní ṣé ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló fẹ́ bímọ ni tó fi ń yan báyìí. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fara balẹ̀ ń gbọ́ òórùn wọn ní ẹyọ ẹyọ.

Mo di ẹ̀gbẹ́ àtẹ abọ́ mú. Ohun gbogbo tó wà nínú mi tó ti le láti ọjọ́ yìí wá rọ̀. Kò sí àìsàn. Wọn kò túká. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ mi, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rù náà pamọ́ sáàárín ara wọn. Nílé wa, a kì í fi ẹnu kan oyún kí ó tó yọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti jẹ́ kí ayé gbọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n mọ ohun tí ojú wọn rí. Báyìí ọmọ mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan èmi, mi ò sì lè dá a lẹ́bi.

Mo padà sínú mọ́tò kí ó tó dé. Ó wọlé, ọwọ́ òfo. A gbéra. Èmi náà dojú kọ iwájú.

Nígbà tó yá, mo ní, "Ohun tí ènìyàn kò bá rí ní Kútọ̀nú, ó lè wà ní Sakété."

A kọjá iná pupa kan, a dé òmíràn. Ó wá ní, "Wọ́n ní ti ibí yìí kì í ní òórùn òjò."

"Ti Sakété ní òórùn òjò."

Gbogbo ohun tí a sọ nìyẹn. Àmọ́ ó na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ mi fúnra rẹ̀, ó mú ẹ̀kọ, ó tú ewé rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún mú òmíràn. Awakọ̀ wò wá nínú dígí, ó sì wo ọ̀nà rẹ̀ padà.

Nígbà tó wọ búrọ́ọ̀ tó kẹ́yìn, mo pe àbúrò mi. Mo ní kó bá mi ra amọ̀ jíjẹ, tuntun, kó fi rán awakọ̀ tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún yín lóyún lọ́jọ́ ogbó yìí?"

Mo ní, "Awakọ̀ takisí ni."

Awakọ̀ tó dúró nítòsí mi kọjú sí ògiri. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, ariwo ọjà nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ti gbọ́. Inú gàrí ni n ó fi í sí." Kò bi mí ní nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mọ́tò tó gbé ẹrù náà kò tètè dé, táyà rẹ̀ ló jò ní Àjàṣẹ́. Ọmọ mi wà ní ìpàdé, ìrọ̀lẹ́ ni bàálù rẹ̀. Awakọ̀ wa wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí a lọ pàdé rẹ̀." A sọdá afárá, a dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tí mọ́tò Àjàṣẹ́ ń gbà, ó ń wo nọ́ńbà mọ́tò kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí àpò gàrí náà dé ọwọ́ mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé e sí iwájú, kí nǹkan má baà tẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ fún un pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

Ní pápá bàálù, mo gbé àpò náà lé ọmọ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Gàrí ni. Kí ìyàwó rẹ fúnra rẹ̀ tú u. Kó má sì jẹ ẹ́ jù, díẹ̀díẹ̀ ni." Ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀. Ó bá ohun tó le níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kún, ó gbé e sókè díẹ̀ kí ó má baà dà.

Ó ní, "Ìyá, nígbà tí àgbàdo bá gbó, ṣé iṣẹ́ máa wọ̀ yín lọ́rùn lóko?"

Mo ní, "Àgbàdo wo? Ti àkọ́rọ̀ òjò tàbí ti ìkẹyìn?"

"Ti àkọ́rọ̀."

Mo kà á nínú ara mi. "Àbúrò mi yóò bá mi ká a."

Ó ní, "N ó ránṣẹ́ sí yín, nítorí ìwé ìrìnnà."

Mo ní kó máa lọ, kí bàálù má fi í sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó wọlé.

Nígbà tí mo padà dé Pobè, àwọn ará ilé béèrè ohun tí ọmọ mi sọ. Mo ní ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mi ò purọ́.

Mo ra aṣọ ìró méjì. Aṣọ tuntun kò dára fún ọmọ tuntun, ó le, ó máa ń ha á lára. Ó yẹ kí àgbà ti ró o, kí wọ́n ti fọ̀ ọ́ léraléra, kí ó tó rọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń ró wọn. Mo ń ró ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ró èkejì lọ sọ́jà, bí mo bá dé, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní, "Ìyá, ẹ kú oge. Ta lẹ ń ṣe é fún?" Mo ní ara mi ni. Èyí tó ní òdòdó ti ń rọ̀ báyìí. Èkejì ṣì le. Lọ́la, n ó ró o lọ sóko.