Ìkarahun Inú Kànga Ìjọ

Ọláòtán kì í gbẹ́ kànga láìfi ahọ́n tọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Bó ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Láti Banigbé dé Igolo, omi ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń mu. Nígbà tí àárẹ̀ mú àwọn ìyá ìjọ wa ní Ko-Koumolou láti máa pọn omi lọ́nà jíjìn, òun náà la pè wá gbẹ́ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi díákónì ni mo ń di okùn mú lókè.

Ilẹ̀ pupa la kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà amọ̀ tó rí bí eérú. Lọ́jọ́ kan garawa gòkè, ìkarahun ló kún inú rẹ̀. Ọláòtán tẹ̀ lé e jáde, ó ń tutọ́.

"Díákónì, yanrìn wà lábẹ́ eléyìí. Ó ń dún."

"Bí i kí ni?"

"Bí ẹni tó ń mí."

Samiratou, ọmọ Ifangni tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì, gbọ́ nípa ìkarahun náà, ó wá wò ó, ó tan iná fóònù rẹ̀ sínú kànga. Ó ń nàka: ìkarahun, ẹrẹ̀, ìkarahun mìíràn.

"Tonton," ó pè mí bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, "etí òkun nibí rí. Òkun wá, ó lọ, ó tún padà wá. Nígbà tó yá, ilẹ̀ gbé gbogbo ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Yanrìn etíkun yẹn ò dì rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ mọ́."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìkún omi Nóà nìyẹn, mademoiselle. Ṣé o kì í ka Bíbélì ni? Ọláòtán, àbí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti dì ọ́ lẹ́sẹ̀?"

Ó wù mí kó jẹ́ ti Nóà. Ṣùgbọ́n ìkún omi kan ṣoṣo ni mo kà. Ìkarahun tí mo rí ju ìpele kan lọ.

Ọláòtán wò mí. Mo gbàdúrà lé e lórí, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Mo gbọ́ ọkọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìró kan bí ẹni ń da àgbàdo sínú agbọ̀n.

"Ẹ fà mí!"

Pásítọ̀ pàápàá bá mi fa okùn. Yanrìn ti mù ún dé ìbàdí. Kó tó yọ, orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Kànga fúnra rẹ̀ ya lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú a dúpẹ́ pé ó yè. Mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. Mo wá lọ kí i nílé. Àpínkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà, kò gbójú sókè.

"Díákónì, ẹ gbàdúrà kó tó wọlẹ̀, àbí?"

"Mo gbà á."

"Kí l'Ọlọ́run sọ?"

Mo ní mi ò tíì gbọ́. Ó tún ki aṣọ bọ omi.

Láàárọ̀ yìí, ẹnu ihò kànga náà ti ya dé ẹsẹ̀ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.