Ọṣẹ Tí Ṣàmsúdéènì Ń Gbé Bọ̀ láti Ìkirè

Ẹnu Ṣàmsúdéènì káfíńtà kì í dilẹ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ìṣó ló há sáàárín eyín. Bí kò bá sí ìṣó níbẹ̀, sìgá ni. Ẹni tó bá fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì ní Àpòmù mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó sì mọ̀ pé èéfín ni òun yóò kọ́kọ́ rí kí òun tó rí ọ̀gá. Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá wá ọkọ òun tì láàárín ọjà, imú lásán ni òun máa gbé sókè.

Ohun tí Àpòmù kò mọ̀ ni pé kòkòrò HIV wà lára ọkùnrin náà. Ọjọ́ ti pẹ́. Sàlámọ̀tù nìkan ló mọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n jọ sunkún, wọ́n jọ bínú, nígbà tó yá wọ́n jọ dákẹ́. Ìkirè ni Ṣàmsúdéènì ti ń lọ gba oògùn, torí ó ní ní Àpòmù, ẹni tó bá jókòó ti òun lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn lè jẹ́ oníbàárà òun.

Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Kòfowórọlá tó ń fún un ní oògùn níbẹ̀ wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tawheed, ẹ̀ ń lo oògùn yín dáadáa. Kòkòrò yẹn ti rẹlẹ̀ débi pé a kì í rí i mọ́. Sìgá ló kù tó fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ wa."

"Nọ́ọ̀sì, sìgá yìí ò bá mi jà rí."

"Ó dáa. Ẹ gun àtẹ̀gùn yẹn kí n wò yín."

Ó gùn ún. Nígbà tó dókè, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń mí bí ewúrẹ́ tí ajá lé. Ó ní òun kàn ń wo ọwọ́ ẹni tó kan ilẹ̀kùn wọn ni.

Nọ́ọ̀sì wá sọ ètò tuntun kan fún un. Nínú àwọn tó ń gba oògùn níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá yóò máa wá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan. Bí ẹ̀rọ ò bá rí èéfín sìgá nínú èémí rẹ̀, yóò tọwọ́ bọ inú ike, yóò fa bébà kan yọ, ohun tí wọ́n bá kọ sínú bébà ni tirẹ̀. Ọṣẹ wà níbẹ̀, òróró wà níbẹ̀, fáànù tó ṣe é ṣáájì náà wà níbẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ti ń bá a sọ, bí ẹni yín àgbàdo sẹ́yìn igbá ni. Ti fáànù yìí wọlé.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ tú àṣírí rẹ̀. Ó ní iná igi tí ìyàwó òun fi ń dáná ni. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ìyàwó náà máa ń ti igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní kó lọ, kó padà wá.

Ó lọ. Ó jẹ orógbó títí ètè rẹ̀ fi bó. Ó bá pákó jà, ó bá ìṣó jà, ó bá Sàlámọ̀tù jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé Ìkirè, èémí rẹ̀ mọ́. Ó tọwọ́ bọ ike: ọṣẹ. Ó tún wá: ọṣẹ. Bí èémí ẹni bá ṣe ń mọ́ léraléra ni iye ìgbà téèyàn ń tọwọ́ bọ ike ń pọ̀ sí i, ni ọṣẹ bá ń pọ̀ sí i. Ó wá ń wo ike náà bí ẹni tó fẹ́ kàn án ní ìṣó.

Títù tó ń kun bẹ́ẹ̀dì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló kọ́kọ́ rò ó papọ̀: ọkùnrin tó ń yọ́ lọ sí Ìkirè, tí kò rùn sìgá mọ́, tó ń gbé ọṣẹ bọ̀ nínú náílọ́ọ̀nù. "Ọkùnrin kì í ṣàdédé fi sìgá sílẹ̀," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà. "Obìnrin kan ló sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ń rùn."

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù, ó bá Soliat, ẹ̀gbọ́n Ṣàmsúdéènì lóbìnrin. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọ̀kadà já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀.

"Ṣàmsú, ta ni obìnrin yẹn?"

"Obìnrin wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èyí tó ń fún ẹ lọ́ṣẹ."

Sàlámọ̀tù gbé omi jáde, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. "Ẹ bá mi bi í, ìyá mi. Ó yẹ kí ìyáálé mọ ìyàwó rẹ̀."

Ṣùgbọ́n Soliat kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà rí bí obìnrin ìkọ̀kọ̀ ṣe tú ilé bàbá wa ká. Mi ò ní lè tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ̀rín tán lójú Sàlámọ̀tù. Ṣàmsúdéènì wò ó, ìyàwó náà mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Kì í ṣe obìnrin, ẹ̀gbọ́n. Kòkòrò HIV ló wà lára mi. Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ. Torí pé mo fi sìgá sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún mi lọ́ṣẹ."

Soliat ń fọwọ́ yí tẹ̀súbáà. "Láti ìgbà wo?"

"Kí Amatullah ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n rìn."

"O wá dá a gbé láti ìgbà yẹn." Ó na ọwọ́, ó gbé kọ́ọ̀pù tí àbúrò rẹ̀ mu ṣẹ́kù, ó mu omi inú rẹ̀ tán. "Ẹ fún mi lọ́ṣẹ díẹ̀. Bó o bá sì tún fa sìgá, èmi ni màá wá lù ẹ́."

Ó tún fà á, níbi ìgbéyàwó kan ní Ararọ̀mí-Òwu. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, kò dúró de ẹ̀rọ. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má wulẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Mo fà á." Wọ́n dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, òun náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn ló gba fáànù. Ètò náà parí, wọ́n gbé ike kúrò lórí tábìlì. Ní ọjọ́ oògùn tó tẹ̀ lé e, Soliat ló sìn ín lọ. Ṣàmsúdéènì ní òun fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ.

"Bàbá, kò sí ẹ̀bùn mọ́ o," nọ́ọ̀sì sọ.

"Mo mọ̀."

Ó fẹ́ ẹ. Ó mọ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé ẹ̀rọ náà jáde han ẹ̀gbọ́n òun lórí bẹ́ǹṣì. Soliat wo nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ, kò yé e, ó ní "Alhamdulillahi," ó wá bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe tán, kí ọkọ̀ Àpòmù má baà kún.