Àdúà Baba Súlè ba eré ìdárayá wa jẹ́

Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi iṣẹ́ lónìí!

Ó ti sú ọ̀gá wa bí a ṣe ń tọrọ ààyè lójoojúmọ́ pé ara wa ò yá. Ló bá mú tíṣà eré ìdárayá kan wá sí ọ́fíìsì wa ní òpópónà Táíwò, kára wa lè le, kíṣẹ́ sì lè máa lọ.

Tíṣà, ọmọdé lásán, ní ká dojú bolẹ̀, ká máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ara wa sókè.

Baba Súlè, mẹ́sẹ́ńjà wa tó dàgbà jù, fárígá. "Kí èmi dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí?"

"Ó tì o, Baba. Ẹ wò ó, báyìí ni." Tíṣà bá dojú bolẹ̀ níwájú Baba, ó fọwọ́ gbé ara ró.

Háà! Baba ti bẹ̀rẹ̀ àdúà. "Ọlọ́hun á fún ọ níyàwó rere. Alùbáríkà ò ní wọ́n nílé rẹ..."

Nígbà tí Baba fi máa dé orí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí, apá tíṣà ti ń gbọ̀n. Ta ni yóò dìde nígbà tí àgbà ń ṣàdúà fún un?

Àwa tó kù fara ti táípúráítà, à ń ṣe àmín.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tọrọ ààyè lónìí pé ara òun ò yá ni tíṣà.

Ọ̀gá ní a tún máa ṣe é lọ́la. Ta ni àdúà rẹ̀ gùn jù níbi iṣẹ́ tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní onítọ̀hún.