Ìwé Òfo Tí Mo Buwọ́ Lù ní Ìlódè

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi Gàníyù káfíńtà, tí mo ń pe ara mi ní ajàfẹ́tọ̀ọ́, èmi ni mo buwọ́ lu ìwé èsì ìbò kí ẹnikẹ́ni tó dìbò rárá. Kò sí ẹni tó yọ ìbọn sí mi. Kò sí ẹni tó fún mi ní ohunkóhun. Ọmọbìnrin tó ń darí ibùdó ìdìbò wa kàn rẹ́rìn-ín sí mi ni, ó ní, "Dádì, ẹ bá wa sáìn gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ yìí, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa lọ́wọ́." Mo sì sáìn.

Ìdí tí mo fi sáìn gan-an ló ń tì mí lójú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ káfíńtà fi mí ṣe akọ̀wé, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọ́ bí àwọn lọ́yà ṣe ń buwọ́ lùwé. Mo gbé G kan jáde tó ká bí ejò, mo fa ìrù gígùn sí i nídìí, mo sì to àmì róbótó méjì, tí mò ń pè ní kóńkóló, sábẹ́ ìrù náà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ibi tí mo lè buwọ́ lù, ara mi á yá gágá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n to ìwé bíi mélòó kan síwájú mi, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ ìrù.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn láti jókòó nídìí àpótí nígbà ìbò tó ń bọ̀ ní kí n wá fẹnu sọ ìrírí mi fún yín. Ẹnu mi kò gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Màmá Tíṣà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ìmọ̀ ìjọba ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń kó àwa oníṣẹ́ ọwọ́ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìlódè, lórí bẹ́ǹṣì tí èmi fúnra mi kàn. Méjì nínú wọn ń mì; ẹ má bi mí.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún wa pé nígbà kan, àwọn ará Yúróòpù gbà pé Ọlọ́run ló fi ọba jẹ, pé ẹni tó bá yẹ ọba lọ́wọ́ wò, Ọlọ́run ló yẹ lọ́wọ́ wò. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá jókòó, wọ́n bi ara wọn pé, kí ìjọba tó wà, kí ló wà? Èèyàn ni. Wọ́n ní àwọn èèyàn ló yọ̀ǹda díẹ̀ nínú agbára wọn nípa àdéhùn, kí kálukú lè sùn kó sì jí ní àlàáfíà. Bí ẹni tí wọ́n fún bá da àdéhùn, wọ́n lè gbà á padà. Òmíràn nínú wọn ní kí a pín agbára sí mẹ́ta: kí ẹni tó ń ṣòfin má jẹ́ ẹni tó ń mú un ṣẹ, kí ẹni tó ń mú un ṣẹ má sì jẹ́ adájọ́.

"Níbí, ẹnì kan ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," Délé wẹ́dà dá a lóhùn, "ó tún ń fẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún òun."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Láti inú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn ni ìwé òfin tí a fi ń dìbò lónìí ti wá," ó ní. "Àmọ́ ẹ má sọ wọ́n di òrìṣà. Bí wọ́n ṣe ń kọ òmìnira sínú ìwé, ẹrú tí wọ́n kó ní etíkun wa ló ń gé ìrèké tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà sí tíì wọn. Àwa obìnrin ńkọ́? Wọn ò tiẹ̀ rántí wa."

"Màmá, ọgbọ́n yẹn kì í ṣe tiwọn nìkan," ni mo wí, torí mo fẹ́ràn kí ohùn mi jáde. "Àwọn Ọ̀yọ́ náà máa ń gbé igbá òfo fún ọba tí ìlú bá kọ̀."

"O ṣeun. Ta ló wá ni agbára, Gàníyù?"

"Àwa ni!" Mo pariwo débi pé ewúrẹ́ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dìde.

"Ẹni tó bá ní ọlọ́pàá ló ni í," ni Délé wí jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ dé, a bẹ Màmá kó jáde fún kánsílọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ṣèlérí: wọ́n ti fi àgádágodo ti ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa pa, òun á rí i pé wọ́n ṣí i. Wọ́n fi èmi ṣe aṣojú rẹ̀ ní ibùdó wa, nítorí ẹnu mi.

Àwọn èèyàn tò sínú oòrùn nínú ọgbà ilé ìwé. Egbò ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí Ìyá Moróùn, arúgbó ilé kejì sí tiwa, lè rìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e sínú bárò, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, ó tì í dé ibẹ̀. Ìwòsàn tó sún mọ́lé ni ìyá náà wá dìbò fún. Nígbà tó tẹ̀ka tán, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ tí yíǹkì wà lára rẹ̀ sí mi.

"Káfíńtà, bá mi ṣọ́ ìbò mi o."

"Bí ẹyin ojú ni, Ìyá."

Nígbà tí wọ́n ń ka ìbò, gbogbo wa ń kà á pọ̀ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá borí. Ó borí débi pé a ò dúró kí wọ́n kà á tán tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Níbi tí a ti ń jó, kò sí ẹni tó wo ohun tí ọmọbìnrin yẹn ń kọ sórí ìwé mi. Wọ́n gbé igbá òfo fún ọba láyé àtijọ́. Èmi gbé ìwé òfo fún olè.

Ní ibi tí wọ́n ti ń pa èsì pọ̀, wọ́n ka tiwa. Bí ìwé yẹn ṣe wí, àwa tí a ò kún ọgbà ilé ìwé ti tò dé Ẹnuwá lẹ́nu ààfin, gbogbo wa pátá ló sì dìbò fún alátakò Màmá. Mo fò dìde. "Irọ́ ni! Kì í ṣe ohun tí a kà nìyí!"

Ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ tó itan mi na ìwé náà sí mi lójú. "Bàbá, ta ló sáìn èyí?"

Mo wò ó. G tó ká bí ejò. Ìrù. Kóńkóló méjì.

"Ṣé ẹ ṣì ń pariwo?"

Ẹ̀rù kò bà mí o. Ẹsẹ̀ mi ni ẹ̀rù bà. Èmi sì láàánú, n ò lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi nìkan dá lọ sílé.

A gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò. Lọ́yà Màmá jókòó tì mí ní pálọ̀ rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé kankan kí wọ́n tó ka ìbò? Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ sáà sọ ọ́. Ẹ̀rí ni yóò jẹ́ fún wa." Màmá wà níbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó máa ń dáhùn dáadáa nínú kíláàsì. Mo ní, "Rárá o. Wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀ ni." Orí irọ́ mi ni lọ́yà náà kọ́ gbogbo ẹjọ́ lé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ní ọjọ́ tí wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀ náà, tèmi ò pẹ́ tó oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́yà apá kejì gbé bírò àti ìwé funfun fún mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta." Mo fẹ́ kọ òmíràn. Mo gbìyànjú, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà. G ká, ìrù fà, mo sì ti to kóńkóló méjèèjì kí n tó rántí ibi tí mo wà. Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, bíi ti ọjọ́sí. Bí ẹjọ́ wa ṣe lọ nìyẹn.

Níta, mo dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ká ní o sọ pé òfo ni ìwé náà nígbà tí o fọwọ́ sí i," ni Màmá wí, "ìyẹn gan-an là bá fi jà."

"Ojú ló tì mí, Màmá. Ẹ forí jì mí. Mo ti ba ipò yín jẹ́."

"Ipò mi kẹ̀? Dìde. Gbogbo bí mo ṣe ń kọ́ ọ, o ò tíì gbọ́. Àdéhùn ni ìjọba, Gàníyù. Kì í ṣe èmi lo bá dá a. Àwọn tó tò sínú oòrùn ni. Lọ bá wọn nílé."

Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tilẹ̀kùn. Délé wẹ́dà bu omi fún mi, ó ní, "Mo ṣáà ti sọ fún ẹ pé ẹni tó bá ní ọlọ́pàá..." Ó wo ojú mi, kò parí rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí la rí jèrè. Ní ibùdó wa, wọn kì í jó mọ́ títí wọ́n á fi rí ohun tó wà nínú ìwé èsì. Wọ́n á dúró tì í, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Aṣojú tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè é. Bóyá ohun tí mo fi sílẹ̀ fún ìlú nìyẹn. Màmá Tíṣà kò jáde dupò mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e ló kú, bẹ́ǹṣì mi la sì jókòó lé níbi ìsìnkú rẹ̀. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilé ìwòsàn. Ó ti dógùn-ún débi pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gan-an kò lè ṣí i mọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ọjọ́un ní agbára tí a bá fún ẹnì kan, a lè gbà á padà. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo ṣì gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n jí gbé lọ́wọ́ ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ńkọ́? Nígbà tí mò ń ti ojúlé dé ojúlé yẹn, ilé tí mo lọ gbẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ìdáhùn.

Ilé Ìyá Moróùn ni. Orí ẹní ló wà, aṣọ funfun ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà. Kò lè jókòó sínú bárò mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìrù, kóńkóló, ilé ẹjọ́.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Mo sì ti forí jì ọ́."

Mo mí kanlẹ̀. Mo dìde, mo rò pé ó tán. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Yíǹkì ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́.

"Ó yá," ni Ìyá Moróùn wí, "dá ìbò mi padà fún mi."