Ojú-Ìwé Kọkànlá

Àtàǹpàkò ọ̀tún. Ó gbé e lé etí ẹ̀rọ náà lókè, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò náà sójú. Funfun kan ti lẹ̀ mọ́ ọn, kíkúnná bí ìyẹ̀fun. Ó fi kan ahọ́n.

Iyọ̀.

Ó mú àkísà gbígbẹ, ó nu ẹ̀rọ náà. Àárọ̀ Sátidé ni, ọjọ́ tí wọn yóò pa á, tí wọn kò sì ní tàn án mọ́. Kò pọn dandan kó nù ún. Ó nù ún.

Dosi, ọmọ Ajido. Ègùn ló kọ́kọ́ sọ lẹ́nu, Ègùn ló ṣì fi ń ka iye nǹkan. Ọdún mẹ́wàá ló fi tọ́jú sáfà ilé yìnyín tí àwọn apẹja ń kó ẹja pamọ́ sí létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Sáfà: kọ̀ǹpútà àgbà tó mọ ẹja ta ló wà nínú yàrá wo, láti ọjọ́ wo. Bí sáfà bá gbàgbé, ẹja ẹnìkan á jẹrà. Òkun ò jìnnà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbé iyọ̀ wọlé, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Kò sí ìwé tó kọ́ Dosi ní ti iyọ̀. Ahọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, lẹ́tà dé. Àwọn tó ṣe sọ́fúwià tó ń gbé sáfà náà ṣiṣẹ́ ní, tó bá di oṣù kẹwàá, àwọn yóò yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, wọn ò ní tún un ṣe. Bí olè bá rí ihò lára rẹ̀, wọn ò ní dí i. Ọládiméjì, ọ̀gá ilé yìnyín, pe Dosi.

"Ìyá Sáfà, ẹ gbà wá o."

"Ìgbà wo ni mi ò gbà yín?"

"A máa ra tuntun. Ẹ bá wa kọ ètò bí a ṣe máa kó ohun inú ti àtijọ́ lọ sínú rẹ̀. Ohun tí a máa kọ́kọ́ kó, ohun tí a máa fi sílẹ̀, gbogbo ohun tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

"Títí kan ti iyọ̀?"

"Ẹ kọ ti iyọ̀ náà. Àbí ẹ fẹ́ ká máa yá ahọ́n yín lò ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

"Ta ló máa wá bójú tó tuntun?" Dosi bi í.

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀yin náà ni."

Ó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n jọ lọ gbé sáfà àtijọ́ náà láti Kútọnu, òjò ká wọn mọ́ Gbaji, nínú pikọ́ọ̀pù tí kò ní ìbòrí. Akọ̀wé bíi tirẹ̀ ni Ọládiméjì nígbà náà. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo páálí náà. Òjò na ẹ̀yìn rẹ̀ títí wọ́n fi délé. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní purọ́ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ ètò náà. Ojú-ìwé mẹ́wàá. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

Sátidé yìí, àwọn méjì wá láti Èkó, ètò Dosi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n ń ṣe é bó ṣe kọ ọ́. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti kọjá sínú tuntun. Orúkọ apẹja kan ò sọnù.

"Màmá, ẹ mà kọ ọ́ o!" Mọ́tọ́lá, èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ojú-ìwé mọ́kànlá, kò sì sí ìbéèrè kan tá a ní láti bi yín."

"Mẹ́wàá ni mo kọ."

Mọ́tọ́lá ṣí èyí tó kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ yí padà. Dosi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á.

Àwọn ohun tí a ó dá dúró. Sáfà àtijọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá rẹ̀. Ipò olùtọ́jú rẹ̀. Ọládiméjì ló fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tó pè é kó wá kọ ètò. Ọjọ́ kan péré.

Dosi lọ bá Ọládiméjì ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Dìméjì." Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìyá Sáfà, ẹ má bínú. Àwọn tó nilé-iṣẹ́ ni..."

"Ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé?"

Ọládiméjì ń wo ọ̀sà lójú fèrèsé.

"Ò bá ti sọ fún mi," ni Dosi wí. "Ǹ bá ṣì kọ ọ́. Ẹja àwọn èèyàn mi ló wà níbẹ̀. Ṣé o ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni?"

Wọ́n gbé sáfà àtijọ́ lọ lọ́jọ́ Ajé. Dosi ń tọ́jú ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kankon báyìí. Ohun tó bá mọ̀ níbẹ̀, kì í kọ ọ́ sílẹ̀.