Ìlà Keje Tí Verlene Mabry Fà

Ọdún méjìdínlógójì ni Verlene Mabry fi dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀ Tarver, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Mo bá a ṣe mọ́kànlélógún nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Obìnrin tí kì í kánjú ni. Bí ó bá ń po ìyẹ̀fun, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi da aṣọ bo àwo náà. Ẹgbẹ̀ta ọmọ ló ń tò kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì mọ orúkọ wọn. Ó mọ ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu, ó mọ ẹni tí kò jẹun kúrò nílé. Irú àwọn báyìí ni yóò fún ní búrẹ́dì wẹ́wẹ́ méjì dípò ẹyọ kan, yóò sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ọwọ́ òun ló yọ̀.

Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, Mísì Goss, olùkọ́ kíláàsì kẹrin, bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kejì, láti sọ fún àwọn ọmọ bí ilé-ìwé ṣe rí nígbà èwe rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń lọ. Ìwé kan ṣoṣo ló máa ń mú dání, ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ ayé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé náà dáadáa, torí òun ló dá gbogbo ìjà yìí sílẹ̀. Láyé ọjọ́un, ilé-ìwé méjì ló wà ní ìlú wa, ọ̀kan fún òyìnbó, ọ̀kan fún àwa dúdú. Ìwé tuntun kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Tí àwọn ọmọ òyìnbó bá ti lò ó gbó, ọkọ̀ akẹ́rù yóò kó o wá bá wa. Inú èèpo ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ bébà kan mọ́, ìlà mẹ́fà sì wà lára rẹ̀, ìlà kan fún ọmọ kan, ọmọ kan fún ọdún kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Má kọ orúkọ sí ibòmíràn. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kún. Ọmọ dúdú lè fi ìwé kan kẹ́kọ̀ọ́ fún odidi ọdún, kó má sí ibi tí a ó ti rí i pé ó fọwọ́ kàn án rí.

Ní 1956, Verlene jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó mú rúlà, ó fa ìlà keje sábẹ́ ìkẹfà, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mísì Pettway, olùkọ́ wọn, obìnrin dúdú tí pàṣán kì í jìnnà sọ́wọ́ rẹ̀, wá dúró lé e lórí.

"Verlene," ló wí, "ìlà yẹn wọ́. Pa á rẹ́, kí o tún un fà."

Verlene tún un fà, ó gún régé.

Nígbà tí ìjọba fi túláàsì pa ilé-ìwé méjèèjì pọ̀ ní 1970, wọ́n da àwọn ìwé tiwa sínú kòtò lẹ́yìn ilé-ìwé pé kí wọ́n dáná sun ún. Oṣù yẹn gan-an ni Verlene bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìdáná. Ó wọ kòtò náà tòun taṣọ ìdáná funfun lọ́rùn, ó ń tú u títí ó fi rí ìlà keje.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bá a jà lórí rẹ̀, àfi èṣí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó sọ ní kíláàsì lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Maisie Lyle sunkún délé. Orúkọ tó wà lórí ìlà kẹrin, Louanne Crider, ìyá ìyá ìyá rẹ̀ ni. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé èèyàn burúkú ni Màmá Àgbà Louanne?" Kendra Lyle, ìyá ọmọ náà, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ìgbìmọ̀ ti ṣe òfin tuntun: àlejò kankan kò gbọdọ̀ fi ohun tí ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí han àwọn ọmọ, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí yóò mú kí ọmọ kábàámọ̀ àwọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí Verlene, kó fi tọrọ àṣẹ fún ìwé rẹ̀. Wọ́n ní bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, kó má wá mọ́.

Lucius, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, bá a jókòó nídìí tábìlì ìdáná ilé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń ṣa ẹ̀fọ́.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Lucius wí. "Ọmọ ọmọ mi ti wọ kíláàsì kẹta, kò tíì mọ méje lọ́nà mẹ́jọ. Ìṣirò ni kí wọ́n kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ lo ìwé kò ní bá a wáṣẹ́."

"Méje lọ́nà mẹ́jọ kò dí mi lọ́wọ́."

"Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹ bá ń sọ fún ọmọ láràárọ̀ pé wọ́n ti dè é lẹ́sẹ̀, ṣé á gbìyànjú àtisáré ni?"

"Lucius. Ní ọdún wo lo mọ ìpínlẹ̀ tó bá Georgia pààlà?"

Lucius wo ilẹ̀. "Ẹ má gbé ìyẹn wá."

"Màá gbé e wá. Ìwé yìí lo lò lẹ́yìn mi. Ojú ewé Georgia ti ya kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ogún ọdún ni ọ́ nígbà tí o wọṣẹ́ ológun, wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ hàn ọ́, o ò mọ ilé ara rẹ níbẹ̀. O kọ lẹ́tà sí mi pé orí rẹ kú. Orí ta ló kú níbẹ̀? Orí rẹ ni, àbí ìwé tó ya?"

"Ó ti pẹ́, Sístà."

"Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Àwa la kó o."

Lucius kọjú sí mi. Ó ní kí n fún òun lómi.

Ìpàdé náà wáyé ní gbọ̀ngàn ìṣeré ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún ló jókòó sórí pèpéle, Wade Hollis tó jẹ́ alága sì wà láàárín wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti sọ̀rọ̀. Bó bá pé, iná pupa á tàn.

Kendra Lyle ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kò pariwo. "Ọmọ mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà náà," ló wí. "Kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ni Maisie ṣe? Kí ni màmá mi àgbà ṣe? Arúgbó tó ń hun súwẹ́tà fún gbogbo ọmọ ìkókó ìjọ wa! Mo fẹ́ràn Mísì Verlene, gbogbo yín mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbé ọmọ mi wá síbí kí wọ́n wá sọ fún un pé ìdílé rẹ̀ bàjẹ́." Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ó kan Verlene. Ó rìn lọ síwájú bó ṣe máa ń rìn.

"Mísì Verlene," ni Wade wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "gbogbo wa la mọ̀ yín. Búrẹ́dì yín ló gbé mi dàgbà, ẹ wo ikùn mi." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n òfin lòfin ń jẹ́. Ìgbìmọ̀ kò tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn."

"Wade, ta ló ṣe fọ́ọ̀mù yìí?"

"Ọ́fíìsì wa ni, Mísì."

"Ka ìbéèrè kẹsàn-án fún mi. Ojú mi ò rí i kà."

Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ rí i kà. Wade kà á: "'Ṣé ìgbìmọ̀ yìí ti fọwọ́ sí ohun èlò náà rí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ẹ̀rí wá, kò nílò àyẹ̀wò mìíràn.'"

Àwọn fúnra wọn ló fi ìbéèrè yẹn sí i, kí àwọn ìwé tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ má baà tún máa tò wá sórí tábìlì wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ pé láti ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ ti ń fọwọ́ sí ìwé.

Verlene ṣí ìwé náà, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Òǹtẹ̀ tó wà lókè yẹn. Kà á."

"'Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Tarver fọwọ́ sí i fún ìlò.'" Ohùn Wade ti relẹ̀.

"Ka ìkejì."

"Mísì Verlene..."

"Kà á. O mọ̀wé kà dáadáa nígbà tí o wà ní kékeré."

Wade kà á: "'Ó ti gbó. Fún ilé-ìwé àwọn dúdú.'"

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ké pé, "Hẹ̀n-ẹ́n!" Iná pupa tàn. Wade na ọwọ́, bí ẹni tí wọ́n yọ nínú omi. "Ìṣẹ́jú yín ti pé, Mísì."

Ìgbà yẹn ni Lucius dìde láti àárín èrò. Mi ò mọ̀ pé ó ti forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta tèmi ńkọ́? Mo fún un."

Verlene kò wo ẹ̀yìn. Kendra ló yíjú sí.

"Kendra, ọmọdé ni màmá rẹ àgbà nígbà tó kọ orúkọ yìí. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sórí ìlà, ó kọ ọ́ sórí ìlà. Kò ṣẹ̀ mí rí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́fà yìí tó wa ọkọ̀ akẹ́rù yẹn. Ọmọ mẹ́fà tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, síbẹ̀ ọmọ keje kò ní ìlà. Tí kì í bá ṣe ìwà burúkú ọmọ kankan ló fà á, ètò ẹnì kan ló fà á. Ẹni tó ṣètò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ yé fi ẹkún Maisie bò ó lójú."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" ni Kendra bi í láti orí ìjókòó rẹ̀.

"Mo sọ ọ́. Ó ti ń sunkún kí n tó débẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Ẹ̀bi tiyín ńkọ́?"

"Mi ò tíì gbà, Mísì Verlene."

"Mi ò ní kí o gbà. Mo ní kí o má ti ilẹ̀kùn."

Ìgbìmọ̀ wọlé lọ fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹni mẹ́ta lòdì sí méjì, wọ́n ní ìwé náà lè wọlé, òfin àwọn fúnra wọn ti so wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Verlene kò gbọdọ̀ ṣàlàyé ohunkóhun. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni kó kà, kó má fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Alága fúnra rẹ̀ ni yóò wá jókòó láti rí sí i.

"Ṣé ó yé yín, Mísì?"

"Mo gbọ́," ni Verlene wí. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ó gbà. Kò gbà. Mo ní ó sọ pé òun gbọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Wade Hollis jókòó sẹ́yìn kíláàsì lórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ìwé àti bírò lọ́wọ́. Verlene ka orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti ọdún wọn. Ó ka òǹtẹ̀ àkọ́kọ́, ó ka ìkejì. Ó ka orúkọ tirẹ̀. Ó pa ìwé dé, ó gbé ọwọ́ lé e. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ó panu mọ́.

Mísì Goss wo òkè àjà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ní ìbéèrè?"

Ọwọ́ sú yọ bí koríko. Ọmọdébìnrin kan, Joely Pruitt, ni wọ́n pè.

"Mísì, kí ló dé tí wọn ò fún ilé-ìwé yín ní ìwé tuntun?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́, ọmọ mi," ni Verlene dáhùn. "Àwọn ìgbìmọ̀ ló lu òǹtẹ̀ náà. Alága wọn ló wà lẹ́yìn yẹn. Ẹ bi í."

Ọmọ méjìlélógún yí àga padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú Wade pọ́n dé etí. "Ìbéèrè ńlá nìyẹn o," ló wí.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?" ni Joely bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó wo bírò ọwọ́ rẹ̀, ó wá fi í sílẹ̀. "Láyé ìgbà yẹn, ìgbìmọ̀ wa... àwọn tó ṣáájú wa..."

"Gbóhùn sókè, Wade," ni Verlene wí. "Àwọn ọmọ iwájú ò gbọ́."